Péèjì tuntun tí mo gbé sórí sáìtì ò jáde lórí Google, kí ló lè mú un yá?

omo_eleja_epe:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá mi. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ là mí lọ́yẹ̀. Màmá mi ń yan ẹja níbí ní Ẹ̀pẹ́, ọjà Olúwo la ti ń ra ọ̀pọ̀ ẹja tútù tá à ń yan, èmi ni mo wá ní ká ṣe wẹ́bùsáìtì torí àwọn kọ́sítọ́mà tó wà ní Ìbàdàn àti Àbújá títí dé àwọn tó wà lókè òkun, tí wọ́n máa ń béèrè ẹja kíká, ọ̀bọ̀kún yíyan àti edé gbígbẹ, kí wọ́n lè rí iye tá à ń tà á àti bá a ṣe ń fi ránṣẹ́. WordPress lẹni tó bá wa ṣe é lò. Tí mo bá tẹ orúkọ sáìtì yẹn gan-an sórí Google, péèjì àkọ́kọ́ máa jáde. Àmọ́ àwọn tuntun tá a gbé sí i lẹ́yìn ìgbà yẹn, mi ò rí wọn. Mo tẹ site: sí iwájú àdírẹ́sì wa kí n lè rí àwọn péèjì wa tó wà lórí Google, péèjì mẹ́ta péré ló jáde.

Mo ti wọ Search Console, ibi tí Google ti ń fi bí sáìtì ṣe wà lọ́dọ̀ ẹ̀ han onísáìtì, mo ń fi àdírẹ́sì péèjì síbẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan mo ń tẹ Request indexing, bọ́tìnnì tó ń bẹ Google pé kó wá mú péèjì, tó bá ṣe díẹ̀ wọ́n á ní mo ti lo iye tèmi tán fún òní, kí n padà wá lọ́la. Tílẹ̀ bá mọ́ mo tún padà, mo tún tẹ àwọn tí mo ti tẹ̀ lánàá bóyá wọn ò gbọ́. Ó ti sú mi.

Ẹnì kan lórí gúrúùpù WhatsApp wá ní kí n sanwó fún àwọn kan tó máa ń "ti péèjì wọlé", pé láàárín wákàtí mẹ́rìnlélógún gbogbo ẹ̀ á ti wọ índẹ́ẹ̀sì, ìyẹn àkójọ péèjì tí Google ti ń mú èsì jáde. Ẹlòmíì ní kí n máa ping sitemap, ìyẹn kí n máa ké sí Google pé kó wá wo fáìlì tá a to àdírẹ́sì àwọn péèjì wa sí. Mi ò mọ èwo ni kí n gbà. Ohun tó tiẹ̀ ń yà mí lẹ́nu jù ni pé tí àwọn oníròyìn bá gbé ọ̀rọ̀ jáde báyìí, kéèyàn tó mumi ó ti wà lórí Google, tèmi wá ń fi ọ̀sẹ̀ lé ọ̀sẹ̀. Ṣé wọ́n ń sanwó ni àbí kí ni wọ́n mọ̀ tí èmi ò mọ̀?

sabo_boy:

Èyí ò le rárá. Ẹ gbé líǹkì ẹ̀ sórí Facebook, ẹ gbé e sí status WhatsApp yín, kẹ́ ẹ ní káwọn èèyàn yín máa tẹ̀ ẹ́. Tí èrò bá ti ń wọlé, Google á mọ̀ pé nǹkan wà níbẹ̀, á sáré wá. Èmi ò fi Search Console da ara mi láàmú rí.

webu_ikorodu:

Sabo_boy, o ṣeun àbúrò mi, àmọ́ kò rí bẹ́ẹ̀. Ohun téèyàn bá fi sí status WhatsApp, ojú Googlebot, ẹ̀rọ tí Google fi ń ka péèjì kiri, ò dé ibẹ̀ láyé. Líǹkì téèyàn lẹ̀ mọ́ Facebook náà, nofollow, àmì tó ń sọ pé kí Google má tẹ̀lé líǹkì, ló sábà máa ń wà lára ẹ̀, láti 2020 Google ní òun lè tẹ̀lé irú líǹkì bẹ́ẹ̀ tó bá wu òun, òun sì lè fi í sílẹ̀. Pé kí ojúlùmọ̀ tẹ líǹkì, ó dáa fún títa ẹja, ẹ máa ṣe é lọ, àmọ́ ẹ má retí pé ó máa mú péèjì wọ índẹ́ẹ̀sì.

Àǹtí ẹlẹ́ja, gbogbo àlàyé yín yé mi àmọ́ ẹ ò tíì sọ èyí tó ṣe pàtàkì jù. Nínú Search Console yẹn, ẹ wo apá òsì, lábẹ́ Indexing, ẹ máa rí Pages. Ẹ tẹ̀ ẹ́, ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀ títí dé ìsàlẹ̀, wọ́n to ìdí tí wọn ò fi mú péèjì kọ̀ọ̀kan síbẹ̀. Ohun tẹ́ ẹ ti ń ṣe látìgbà yìí ni pé ẹ̀ ń tẹ bọ́tìnnì láìmọ ohun tó ń ṣe péèjì náà.

Ìdí tí mo fi ń béèrè ni pé ohun mẹ́ta tó yàtọ̀ síra làwọn èèyàn máa ń kó pọ̀ pè ní "Google ò mú péèjì mi". Ó lè jẹ́ pé Google ò tiẹ̀ mọ̀ pé péèjì yẹn wà, tẹ́ ẹ bá yẹ̀ ẹ́ wò wọ́n á kọ URL is unknown to Google. Ó lè jẹ́ Discovered – currently not indexed, ìyẹn ni pé ó ti gbọ́ nípa ẹ̀, ó ti kọ àdírẹ́sì ẹ̀ sílẹ̀, kò ṣáà tíì wá kà á. Ó sì lè jẹ́ Crawled – currently not indexed, ó wá, ó kà á tán, ó bá tiẹ̀ lọ, kò mú un. Èyí tó kẹ́yìn yìí ló máa ń dun èèyàn jù torí pé kò sí bọ́tìnnì kankan tẹ́ ẹ máa tẹ̀ tó máa tún un ṣe.

Tó bá jẹ́ pé kò mọ̀ pé péèjì wà, líǹkì ni kẹ́ ẹ wá fún un. Googlebot máa ń gba orí líǹkì látinú péèjì tó ti mọ̀ bọ́ sí èyí tí ò mọ̀, bó ṣe ń rìn nìyẹn. Péèjì tẹ́ ẹ gbé sórí sáìtì tí kò sí líǹkì láti homepage, ìyẹn péèjì àkọ́kọ́, tàbí láti menu tó dé ọ̀dọ̀ ẹ̀, ó dà bí ẹni tó pàtẹ ẹja sínú yàrá tó tilẹ̀kùn mọ́ra tó wá ń retí oníbàárà. Ẹ fi líǹkì ẹ̀ sórí péèjì àkọ́kọ́ torí ibẹ̀ ni Google sábà máa ń padà wá wò jù, kẹ́ ẹ sì rí i dájú pé líǹkì gidi ni, èyí tó ní href, ibi tí wọ́n ń kọ àdírẹ́sì sí, nínú, torí àwọn kan máa ń fi JavaScript ṣe bọ́tìnnì tó rẹwà, èèyàn lè tẹ̀ ẹ́, Googlebot kì í tẹ bọ́tìnnì ní tiẹ̀.

Tó bá jẹ́ Discovered, ẹ wo hosting yín, ìyẹn kọ̀ǹpútà tí sáìtì yín wà lórí ẹ̀. Sáìtì tó bá ń lọ́ra tàbí tó máa ń ju error 500 àti 503 jáde, ìyẹn àṣìṣe láti ọ̀dọ̀ hosting, Googlebot máa ń dẹ ẹsẹ̀ nílẹ̀ níbẹ̀ kó má bàa da ibẹ̀ rú. Àmọ́ ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wá máa fi "crawl budget", ìyẹn iye péèjì tí Googlebot máa kà lórí sáìtì, dẹ́rù bà yín o, Google fúnra ẹ̀ sọ pé àwọn sáìtì ńláńlá ni ọ̀rọ̀ yẹn kàn, àwọn tó ní péèjì mílíọ̀nù kan lọ sókè, tàbí ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá lọ sókè tó ń yí padà lójoojúmọ́. Tiyín ò tíì débẹ̀.

Request indexing, ẹ̀ẹ̀kan péré ti tó fún péèjì kan. Wọ́n kọ ọ́ sínú ìlànà wọn pé téèyàn bá ń tún un tẹ̀ kò ní kó yá sí i, pé ó lè gba ọjọ́ mélòó kan, ó sì lè gba ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ẹ̀ ń fi iye tí wọ́n fún yín lójúmọ́ ṣòfò lásán ni. Site: tẹ́ ẹ lò náà, ẹ má fi ka iye péèjì, kì í sábà kó gbogbo ohun tó wà nínú índẹ́ẹ̀sì jáde, Search Console ni kẹ́ ẹ gbà gbọ́.

Ẹ lọ wo ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀, kẹ́ ẹ wá bá wa sọ.

agbadarigi_odo:

Ẹ kú ilé gbogbo ilé o, láti Àgbádárìgì. Èmi àtàwọn kan la jọ ń gbé àlejò wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Gberefu, a sì ní sáìtì tá a fi ń ṣàlàyé ìrìnàjò yẹn fún wọn. Ẹ̀gbọ́n webu ti sọ òkodoro. Mo kàn fẹ́ fi ti sitemap kún un, torí àǹtí mẹ́nu kan ping.

Ping ti kú. 2023 ni Google kéde pé àwọn ń pa á tì, torí ìdọ̀tí ló pọ̀ jù nínú ohun táwọn èèyàn ń fi ránṣẹ́ gbà á. Ẹni tó bá ń sọ fún yín pé kẹ́ ẹ máa ping, ohun tó kà lọ́jọ́ tó ti pẹ́ ló ṣì ń sọ. Ohun tẹ́ ẹ máa ṣe ni kẹ́ ẹ fi àdírẹ́sì sitemap sínú Search Console lẹ́ẹ̀kan, á máa padà wá kà á fúnra ẹ̀. WordPress ti ń ṣe sitemap fúnra ẹ̀ láti orí 5.5 tó jáde ní 2020, ẹ kàn fi /wp-sitemap.xml sẹ́yìn àdírẹ́sì yín ẹ máa rí i, àyàfi tẹ́ ẹ bá ní plugin SEO, ìyẹn àfikún tó ń ran sáìtì lọ́wọ́ lórí Google, tó ń ṣe tiẹ̀ lọ́tọ̀. Fáìlì kan lè gba péèjì tó tó 50,000, kì í ṣe pé ẹ máa nílò tó bẹ́ẹ̀.

Inú sitemap yẹn, ohun kan ṣoṣo tó ṣiṣẹ́ lójú Google yàtọ̀ sí àdírẹ́sì ni lastmod, ọjọ́ tẹ́ ẹ tún péèjì ṣe kẹ́yìn. Priority àti changefreq táwọn kan máa ń fi ṣe fọ́ńté, Google ò wojú ẹ̀. Lastmod náà o, tó bá jẹ́ òótọ́ ni. Tí plugin yín bá ń kọ ọjọ́ òní sára gbogbo péèjì lójoojúmọ́ láìjẹ́ pé ẹ yí nǹkan kan padà, tó bá yá Google ò ní gbà á gbọ́ mọ́, ọjọ́ tẹ́ ẹ bá wá tún nǹkan ṣe lóòótọ́ kò ní dá yín lóhùn.

Ti àwọn oníròyìn, wọn ò sanwó fún ẹnikẹ́ni, kò sí ibi téèyàn ti ń sanwó fún Google kó tètè wá ka péèjì. Ó ti rí i pé wọ́n ń gbé nǹkan tuntun jáde látàárọ̀ ṣúlẹ̀, homepage wọn ń yí padà ní gbogbo ìgbà, àwọn sáìtì mìíràn sì ń fi líǹkì sí wọn, ló fi jẹ́ pé kì í kúrò lọ́dọ̀ wọn.

Èyí tó kù, ẹ má gbàgbé Bing, ẹ̀rọ ìwákiri ti Microsoft. Ohun kan wà tí wọ́n ń pè ní IndexNow, Bing àti Yandex ti Rọ́ṣíà ló gbé e jáde ní 2021, Naver ti Korea àti Seznam ti Czech náà wà nínú ẹ̀. Ẹ̀yin lẹ máa pe wọ́n pé péèjì tuntun ti wà, ẹ ò ní máa dúró kí wọ́n wá. Plugin wà tó máa ṣe é fún yín, kọ́kọ́rọ́ kan báyìí ló máa fi sórí sáìtì yín kí wọ́n lè mọ̀ pé ẹ̀yin lẹ rán an. Google ò sí nínú ẹ̀, torí náà kò ní tán ìṣòro yín, àmọ́ àwọn àlejò wa tó ń bọ̀ láti Amẹ́ríkà, kọ̀ǹpútà ibi iṣẹ́ ni wọ́n fi ń wá wa, ibi tó jẹ́ Edge ló wà lórí ẹ̀, Bing sì ni Edge ń lò téèyàn ò bá yí i padà. Àwọn tó ń ra ẹja lọ́wọ́ yín lókè òkun náà lè rí bẹ́ẹ̀.

omo_eleja_epe:

Ẹ ṣé o, Ọlọ́run á bá mi san án fún yín. Mo ti lọ wò ó. Díẹ̀ ni wọ́n kọ Discovered sí, àmọ́ ọ̀pọ̀ jù lọ ni Crawled – currently not indexed. Ọjọ́ tó ti wá kà wọ́n gan-an wà níbẹ̀, ó ti ka àwọn míì kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí tẹ bọ́tìnnì rárá.

Àwọn péèjì yẹn lé ní ọgbọ̀n. Bí ẹni tó bá wa ṣe sáìtì ṣe ṣe é nìyí: "Ra ẹja gbígbẹ ní Ìkòròdú", "Ra ẹja gbígbẹ ní Àjàh", "Ra ẹja gbígbẹ ní Lẹ́kkì", "Ra ẹja gbígbẹ ní Ṣàgámù", bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Ó ní ọgbọ́n tí wọ́n fi ń gba Google nìyẹn, pé ẹnikẹ́ni tó bá tẹ orúkọ ìlú ẹ̀, àwa lá máa jáde sí i. Ọ̀rọ̀ inú ẹ̀ ò yàtọ̀ o, orúkọ ìlú ló ń yí. Fọ́tò kan náà ló wà lórí gbogbo ẹ̀. Ṣé ohun tó fà á nìyẹn?

webu_ikorodu:

Ohun tó fà á gan-an nìyẹn. Google rí yín dáadáa. Ó ka ti Ìkòròdú, ó ka ti Àjàh, ó rí i pé nǹkan kan náà ni, kí ló máa wá fi ọgbọ̀n ṣe? Orúkọ tí wọ́n ń pe irú péèjì bẹ́ẹ̀ nínú òfin wọn ni doorway, ó sì wà lára ohun tí wọ́n kà sí spam. Google ò tíì fìyà jẹ yín, kò kàn mú wọn ni, torí náà ẹ dúpẹ́, àmọ́ ẹ má fi kún un mọ́.

Ohun tí mi ò fẹ́ràn nínú iṣẹ́ wa yìí rèé. Wọ́n á ṣe ọgbọ̀n péèjì fún oníṣòwò, wọ́n á gba owó ọgbọ̀n péèjì, péèjì kan ni wọ́n kọ.

Ẹ gbọ́ ohun tí mo máa ṣe ká ní èmi ni. Gbogbo péèjì ìlú yẹn, ẹ kó wọn pọ̀ sí ẹyọ kan: ibi tá a máa ń gbé ẹja dé. Ẹ kọ gbogbo ìlú síbẹ̀, iye tí owó ọkọ̀ jẹ́ sí ibì kọ̀ọ̀kan, ọjọ́ tẹ́ ẹ máa ń gbé ẹrù jáde, ibi tí èèyàn ti lè gbà á, ohun tó máa ṣẹlẹ̀ tí ẹrù bá fọ́ lọ́nà. Ẹni tó wà ní Ṣàgámù tó bá ka ìyẹn, ó ti rí ohun tó ń wá.

Kẹ́ ẹ wá ṣe péèjì fún ẹja kọ̀ọ̀kan, kẹ́ ẹ sì jókòó ti màmá kí wọ́n sọ ọ́ fún yín láti ẹnu ara wọn. Kí ló yàtọ̀ láàárín ọ̀bọ̀kún àti àrọ̀ tó bá dé orí iná? Igi wo ni wọ́n fi ń yan án, kí ló dé tí wọn kì í fi lo àwọn igi kan? Èwo ló gbẹ tó lè pẹ́ nílẹ̀, èwo ló ṣì rọ̀ tó yẹ kéèyàn tètè jẹ? Báwo lèèyàn ṣe máa tọ́jú ẹ̀ nílé kí kòkòrò má wọ inú ẹ̀? Tí èèyàn bá fẹ́ gbé e rìnrìn àjò, báwo lẹ ṣe máa ń dì í? Ẹja kíká mélòó ló máa ń wọ inú kílò kan? Gbogbo ìbéèrè táwọn kọ́sítọ́mà ń bi yín lórí WhatsApp lójoojúmọ́, èyí tẹ́ ẹ ti ń dáhùn títí tí ẹnu ń kán yín, péèjì nìyẹn. Ẹ fi fóònù ya fọ́tò ní ibi tẹ́ ẹ ti ń yan án, èéfín ò burú, ó sàn ju fọ́tò téèyàn mú lórí íntánẹ́ẹ̀tì tó ti wà lórí igba sáìtì mìíràn lọ.

Irú péèjì bẹ́ẹ̀, kò sí ẹlòmíì tó ní in, torí náà Google ní ìdí tó máa fi mú un. Mi ò ṣèlérí fún yín o, wọn kì í ṣèlérí fún ẹnikẹ́ni pé gbogbo péèjì táwọn bá kà làwọn máa mú. Àmọ́ ibi tí ìyára ti ń wá fún sáìtì kékeré nìyẹn, ó ju bọ́tìnnì lọ.

sabo_boy:

Ẹ̀gbọ́n, mi ò fẹ́ jiyàn pẹ̀lú yín àmọ́ mo mọ sáìtì tó ní péèjì ìlú tó lé ní ogójì tí gbogbo ẹ̀ sì wà lórí Google kedere. Ṣé ti wọn kì í ṣe doorway ni?

webu_ikorodu:

Ó ṣeé ṣe kí wọ́n ní ṣọ́ọ̀bù ní ìlú kọ̀ọ̀kan. Tí iléeṣẹ́ kan bá ní ẹ̀ka ní Ìkòròdú, ó ní ẹ̀ka ní Ẹ̀pẹ́, àdírẹ́sì yàtọ̀, nọ́ńbà fóònù yàtọ̀, ohun tó wà lórí àtẹ yàtọ̀, kí ló burú kí wọ́n ní péèjì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀? Ó yẹ bẹ́ẹ̀. Ọ̀dọ̀ àǹtí, Ẹ̀pẹ́ nìkan ni wọ́n wà.

Ó sì tún lè jẹ́ pé Google ò tíì kàn wọ́n ni. Ní oṣù kẹta 2024 Google fi òfin tuntun síta nípa péèjì téèyàn ń ṣe lọ́pọ̀ yanturu láìwúlò fún ẹni tó ń kà á, ẹ̀rọ ló kọ ọ́ o, èèyàn ló kọ ọ́ o, wọ́n ní ọ̀kan náà ni lójú àwọn. Pé ẹnì kan ṣì ń rí i ṣe lónìí kọ́ ni mo máa fi gba ẹlẹ́ja nímọ̀ràn.

iya_ise_ijede:

Ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ lórí owó tí wọ́n ní kẹ́ ẹ san yẹn torí ó kàn mí. Èmi ń gbé iṣẹ́ tó bá ṣí sílẹ̀ sórí sáìtì, pàápàá àwọn iléeṣẹ́ tó wà lápá Odógunyàn tí wọ́n ń wá òṣìṣẹ́. Iṣẹ́ tèmi yìí, Google ní ọ̀nà kan lọ́tọ̀ fún un, Indexing API ni wọ́n ń pè é, téèyàn lè fi sọ fún Google ní tààrà pé péèjì yìí ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé, àti pé iṣẹ́ yìí ti kún, ẹ yọ ọ́. Ó sì bọ́gbọ́n mu torí iṣẹ́ lè kún lọ́jọ́ kejì. Àmọ́ Google kọ ọ́ gbangba pé péèjì tó ní JobPosting, àmì tá a fi ń mọ péèjì iṣẹ́, àti péèjì fídíò tó ń lọ lọ́wọ́ nìkan ló wà fún. Ẹja ò sí níbẹ̀ o.

Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ta "índẹ́ẹ̀sì láàárín wákàtí mẹ́rìnlélógún", ọ̀nà yẹn ni wọ́n ń gbà, wọ́n á ti ohun tí kì í ṣe iṣẹ́ gba ibẹ̀. Nígbà míì Googlebot á tiẹ̀ yọjú lóòótọ́, ẹni tó ń sanwó á máa yọ̀. Ṣùgbọ́n àǹtí, ẹ gbọ́ ara yín, Googlebot ti wá sọ́dọ̀ yín náà, ó ti kà á, kò mú un. Kí lẹ wá fẹ́ sanwó fún kó tún wá kà?

Mo tún fẹ́ kẹ́ ẹ ṣọ́ra fún nǹkan kan. Kí API yẹn tó ṣiṣẹ́, ímeèlì tó ń lò ó gbọ́dọ̀ jẹ́ Owner nínú Search Console. Tí wọ́n bá ní kẹ́ ẹ fi ímeèlì àwọn kún un ní ipò Owner, ẹ ti fún wọn ní àṣẹ onílé. Ẹni tó bá wà nípò yẹn lè yọ péèjì yín kúrò nínú èsì ìwákiri, ó lè fi ẹlòmíì kún un, ó lè yọ ẹlòmíì.

omo_eleja_epe:

Yéè! Ímeèlì tí wọ́n ní kí n fi kún un nìyẹn o, gígùn bí nǹkan míì, mo rò pé ti Google ni. Mi ò tíì fi sí i, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run.

Mo ti bá màmá sọ̀rọ̀, wọ́n ní kí n gbé fóònù wá kí àwọn máa wí kí n máa gbà á sílẹ̀. Ìbéèrè méjì ló kù. Àwọn péèjì ìlú yẹn, ṣé kí n kàn pa wọ́n rẹ́ ni àbí kí n fi robots.txt dí wọn? Àti àwọn tí wọ́n kọ Discovered sí, kí ni kí n ṣe sí wọn?

agbadarigi_odo:

Ẹ má fi robots.txt dí wọn o, ibẹ̀ lọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìnà. Robots.txt ń sọ fún Google pé má wọlé, kò sọ fún un pé gbàgbé péèjì yìí. Tí kò bá lè wọlé, kò ní rí noindex, àmì tó ní kó má mú péèjì, tẹ́ ẹ fi sí i, kò sì ní mọ̀ pé ẹ ti darí ẹ̀ lọ síbòmíì. Ó tiẹ̀ lè fi àdírẹ́sì yẹn hàn láìmọ ohun tó wà nínú ẹ̀.

Ẹ fi redirect 301, èyí tó ń gbé ẹni tó bá tẹ àdírẹ́sì àtijọ́ lọ sí tuntun, darí gbogbo àwọn péèjì ìlú sórí péèjì tuntun tẹ́ ẹ fẹ́ ṣe yẹn, èyí tó ń sọ ibi tẹ́ ẹ máa ń gbé ẹja dé, kẹ́ ẹ sì fi í síbẹ̀ fún ọdún kan ó kéré tán. Ẹ yọ wọ́n nínú sitemap. Ẹ má darí wọn sí homepage o, Google máa ń ka irú ìyẹn sí soft 404, bíi pé péèjì yẹn ò sí.

Tẹ́ ẹ bá ti wà nínú WordPress, ẹ lọ sí Settings, Reading, ẹ wo àpótí kékeré tí wọ́n kọ Discourage search engines sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀. Kò gbọ́dọ̀ ní àmì nínú. Ti yín ò lè ní torí homepage yín jáde, àmọ́ ẹ fi ojú yín rí i.

iya_ise_ijede:

Kẹ́ ẹ fi fóònù ṣí sáìtì yẹn náà, kì í ṣe lórí kọ̀ǹpútà nìkan. Ojú fóònù ni Google fi ń ka sáìtì báyìí. Mo ti rí theme, ìyẹn àwòṣe ìrísí sáìtì, tó máa ń gé ọ̀rọ̀ kúrò lórí fóònù kó lè rí fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ohun tó gé kúrò yẹn, Google ò rí i nìyẹn. Ẹ wo canonical, àmì tó ń sọ àdírẹ́sì tó jẹ́ ojúlówó fún péèjì, pẹ̀lú, bóyá péèjì kọ̀ọ̀kan ń tọ́ka sí ara ẹ̀. Tó bá ń tọ́ka sí homepage, ẹ̀yin fúnra yín lẹ̀ ń sọ fún Google pé homepage ni kó mú.

webu_ikorodu:

Àwọn tó jẹ́ Discovered, tí wọ́n bá wà lára péèjì ìlú, ẹ darí wọn pẹ̀lú àwọn yòókù, ọ̀rọ̀ wọn ti tán. Tí ọ̀kan nínú wọn bá jẹ́ péèjì gidi, bí iye owó tàbí nípa yín, ẹ fi líǹkì sí i láti péèjì àkọ́kọ́ kẹ́ ẹ fi í sílẹ̀.

Péèjì ẹja tuntun kọ̀ọ̀kan, tẹ́ ẹ bá kọ ọ́ tán, ẹ fi líǹkì ẹ̀ sí homepage, ẹ lọ sí Search Console ẹ tẹ Test live URL kẹ́ ẹ rí i pé kò sí ohun tó ń dí i, ẹ wá tẹ Request indexing lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹ má padà lọ wò ó láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ẹ̀rù á kàn máa bà yín.

Ti àwọn tó wà nítòsí, ìyẹn àwọn ará Ẹ̀pẹ́ àtàwọn tó ń ti Lẹ́kkì wá, ẹ ṣe Google Business Profile fún ibi tí màmá ti ń tà á, ọ̀fẹ́ ni, orí Maps ló máa ń jáde, kò ní nǹkan ṣe pẹ̀lú gbogbo ìdààmú índẹ́ẹ̀sì yìí.

Àmọ́ kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀ redirect, ẹ ṣe bákọ́ọ̀pù sáìtì yẹn. Login ti hosting àti ti domain, ìyẹn orúkọ sáìtì, ọwọ́ ta ló wà?

omo_eleja_epe:

Ti WordPress ló wà lọ́wọ́ mi. Hosting àti domain, ẹni tó ṣe é ló ń sanwó ẹ̀ lọ́dọọdún, àwa là ń fún un lówó. Mo ń pè é báyìí.

webu_ikorodu:

Ẹ má tíì sọ fún un pé ẹ fẹ́ yọ péèjì kankan o. Ẹ kọ́kọ́ gba login.